Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín: Irinṣẹ́ Tí Wọ́n Fi Ń Pààrọ̀ Awọ Iwájú Ẹyinjú

Láti ìgbà tí a ti kọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn yìí pé a lè mú kọ́níà, ìyẹn awọ tí ó mọ́ gaara ní iwájú ẹyinjú, lára ẹni tí ó ti kú kí a sì fi í sí ojú alààyè, ni lẹ́tà ti ń wọlé láti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Àwọn tí ó bèèrè nípa ọ̀bẹ, abẹ́rẹ́ àti òwú pọ̀ ju àwọn tí ó bèèrè nípa àìsàn fúnra rẹ̀ lọ, bóyá nítorí pé oníṣẹ́-ọwọ́ pọ̀ láàárín wa. Mo mú márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà náà, mo gé èyí tí ó gùn kúrú, mo sì yọ orúkọ kúrò.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ewé àgbàdo ni ó họ ọmọ mi ọkùnrin lójú ní oko lọ́dún tó kọjá. Ojú náà pọ́n, ó ń ṣepin, a tọ́jú rẹ̀ títí ó fi jinná, ṣùgbọ́n funfun kan dúró sí àárín rẹ̀, kò sì fi ojú náà ríran dáadáa mọ́. Wọ́n ní wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀. Ṣé gbogbo ẹyinjú ni wọn yóò yọ ni? Kí ni wọn yóò fi gé e? (Ìyá ọlọ́jà kan, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá wa. Wọn kò ní yọ ẹyinjú ọmọ yín. Àárín kọ́níà nìkan ni wọn yóò pààrọ̀. Bí dígí ṣe bo ojú aago ọwọ́ ni kọ́níà ṣe bo inú ojú. Bí dígí náà bá ti bàjẹ́, aago lè máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wọ̀ ọ́ kò ní mọ iye tí ó lù. Kọ́níà àgbàlagbà fẹ̀ tó nǹkan bí mìlímítà 11 sí 12 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, àárín rẹ̀ kò sì nípọn ju bí ìdajì mìlímítà lọ. Ohun tí ó kéré tó báyìí kò ṣeé fi ọ̀bẹ tí a mọ̀ gé. Ọ̀bẹ tí wọ́n ń lò rí roboto, ihò wà láàárín rẹ̀, etí rẹ̀ nìkan ni ó mú, trephine sì ni orúkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kì í bẹ̀rẹ̀ lára aláìsàn. Awọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olùtọrẹ ni wọ́n ń kọ́kọ́ gé, nítorí pé bí ó bá ya tàbí tí ó bọ́ sílẹ̀, ojú ọmọ yín kò tíì ṣí, wọ́n sì lè dá iṣẹ́ dúró di ọjọ́ mìíràn. Wọ́n á tẹ́ awọ náà sínú àwo kékeré kan tí ó jinnú díẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó máa ń kọjú sí inú ojú lè wà lókè, wọ́n á sì fi trephine tẹ̀ ẹ́ láti òkè wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí tí ẹ̀yìn náà fi gbọ́dọ̀ wà lókè ni pé ìpele sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo wà níbẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fa omi kúrò nínú kọ́níà kí ó má baà wú kí ó sì ṣú. Sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kì í hù padà lára ènìyàn. Ibi tí ẹnu ẹ̀mú bá ti kàn wọ́n, ibẹ̀ ti kú nìyẹn, ìdí sì nìyí tí ẹ̀mú tí wọ́n fi ń gbé awọ náà fi jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an, tí ó sì jẹ́ pé etí awọ nìkan ni ó ń dì mú.

Lẹ́yìn náà ni yóò kan ojú ọmọ yín. Wọ́n á fi wáyà kékeré kan la ìpéǹpéjú sílẹ̀ kí ó má baà pa dé. Nítorí pé ẹyinjú ọmọdé rọ̀ ju ti àgbàlagbà lọ, tí ó sì lè rọ́ sínú bí wọ́n bá ti ṣí i, wọ́n sábà máa ń rán òrùka irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ awọ funfun rẹ̀ kí ó lè dúró roboto. Òrùka Flieringa ni wọ́n ń pè é. Trephine ti aláìsàn ní sírínjì lára, tí ó ń fa ojú mọ́ ọn kí ó má baà yẹ̀. Dókítà á máa yí i díẹ̀díẹ̀. Nínú irú kan tí ó wọ́pọ̀, bí ó bá yí i po lẹ́ẹ̀kan, ọ̀bẹ yóò ti wọlé ní ìdámẹ́rin mìlímítà, nítorí náà ẹni tí ó mọ bí kọ́níà aláìsàn ṣe nípọn tó lè mọ ibi tí ó ti yẹ kí òun dúró. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í jẹ́ kí trephine wọlé tán. Wọ́n á fi ọ̀bẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan dá ihò kékeré, wọ́n á fa oògùn kan tí ó ki, tí ó sì ń yọ̀, sínú ojú kí àwọn ohun tí ó wà nínú rẹ̀ má baà kan irin, sísọ́ọ̀sì ni yóò sì gé ìyókù. Sísọ́ọ̀sì méjì ni wọ́n ń lò, ọ̀kan tẹ̀ sí ọ̀tún, èkejì tẹ̀ sí òsì, kí ìlà tí wọ́n ń gé lè máa bá roboto náà lọ láìṣe pé dókítà ń lọ́ ọwọ́ rẹ̀ káàkiri.

Ìwọ̀n awọ tuntun kì í dọ́gba pẹ̀lú ihò tí wọ́n fẹ́ fi dí. Bí ihò ojú aláìsàn bá jẹ́ mìlímítà 7.5, awọ tuntun sábà máa ń jẹ́ 7.75 tàbí 8, nítorí pé awọ tí a gé láti ẹ̀yìn máa ń kéré díẹ̀ ju èyí tí a fi ọ̀bẹ kan náà gé láti iwájú lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí kì í ṣe ti irinṣẹ́, ṣùgbọ́n mi ò lè fò ó. Bí ọmọ náà kò bá tíì pé nǹkan bí ọdún méje tàbí mẹ́jọ, ẹ má ṣe fi ìtọ́jú rẹ̀ falẹ̀, nítorí pé ọpọlọ rẹ̀ ṣì ń kọ́ ìríran lọ́wọ́, ojú tí kò bá sì lò lákòókò yìí lè di ọ̀lẹ títí ayé bí awọ rẹ̀ tilẹ̀ mọ́. Òwú tí wọ́n fi ń rán awọ tuntun mọ́ ojú ọmọdé tún máa ń tètè tú, nítorí náà ìrìn àjò sí ilé ìwòsàn yóò pọ̀. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán omi ewé tàbí ìtọ̀ sí i lójú ní báyìí ná.

Ìbéèrè: Aránṣọ ni mí láti ogún ọdún sẹ́yìn. Irú òwú àti abẹ́rẹ́ wo ni wọ́n fi ń rán ojú, kí ló sì dé tí wọn kò kúkú fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́? (Arábìnrin kan, Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ aṣọ ẹgbẹ́, nítorí mo mọ̀ pé bí Ojúde Ọba bá ti ń súnmọ́ ẹ kì í sùn. Náílọ́ọ̀nù ni òwú náà, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni 10-0. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ń ga sí i ni òwú ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i. 10-0 nípọn ju ìdá 20 lọ díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà, irun orí yín sì nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán rán an. Abẹ́ ẹ̀rọ maikirosikóòpù ni wọ́n ti ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Abẹ́rẹ́ náà kò ní ihò. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ti so òwú mọ́ ìdí rẹ̀, ó tẹ̀ kọrọdọ, ẹnu rẹ̀ sì pẹlẹbẹ kí ó lè máa gba àárín ìpele kọ́níà kọjá láìya á. Ẹ̀mú tí ó ń di abẹ́rẹ́ mú sábà máa ń wà láìní ìkọ́ tí ń tì í pa, èyí sì yàtọ̀ sí èyí tí àwọn oníṣẹ́-abẹ yòókù ń lò, nítorí pé bí ìkọ́ bá ń ṣí, ọwọ́ á gbọ̀n, gbígbọ̀n tí kò tó nǹkan nínú ikùn sì lè ba nǹkan jẹ́ nínú ojú. Ojú mẹ́rin ni wọ́n ń kọ́kọ́ rán, ní òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì, bí ẹ̀yin náà ṣe ń fi píìnì dì aṣọ mú kí ẹ tó gbé e sórí ẹ̀rọ. Èkejì nínú wọn ni ó le jù, nítorí òun ni ó ń pinnu bóyá awọ náà jókòó sí àárín. Lẹ́yìn náà wọ́n lè fi ìránṣọ kọ̀ọ̀kan kún un títí yóò fi pé mẹ́rìndínlógún, tàbí kí wọ́n fi òwú kan rán an yíká. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé dé nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìnípọn awọ, kí ó má sì yọ sí òdìkejì. Ẹ̀mú tí wọ́n fi ń ta kókó kò ní eyín, nítorí eyín á gé òwú, wọ́n á sì fa kókó náà wọ inú awọ kí ó má baà máa gún ìpéǹpéjú.

Bí wọ́n bá fa òwú le ju bí ó ti yẹ lọ níbì kan, awọ á fà, yóò sì kúrò ní roboto. Aláìsàn á máa ríran ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ó rí á wọ́, bí kọ́níà tilẹ̀ mọ́ bí omi. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yọ òwú díẹ̀díẹ̀ ní àkókò tirẹ̀, tí ó sì máa ń kọjá ọdún kan kí gbogbo rẹ̀ tó kúrò lójú àgbàlagbà, nítorí pé kọ́níà kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú, ó sì lọ́ra láti jinná. Ohun kan náà ni ó fà á tí gọ́ọ̀mù nìkan kò fi tó, nítorí kò lè dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Bíríkìlà ni mí. Sìmẹ́ǹtì fọ́n sí ẹlẹgbẹ́ mi lójú, ojú náà sì ti funfun. Ẹnìkan sọ fún wa pé ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́-abẹ yìí fún, irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe é. Ṣé òótọ́ ni? (Ẹni kan, Ṣágámù)

Ìdáhùn: Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́: òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí iṣẹ́-abẹ náà yọrí sí rere fún, kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ fún, láìmù tí wọ́n fi ń kọ́lé sì ni, kì í ṣe sìmẹ́ǹtì. Òṣìṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Alois Glogar ni, láìmù ti sun ojú rẹ̀ méjèèjì. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1905, Dókítà Eduard Zirm mú kọ́níà láti ojú ọmọ ọdún mọ́kànlá kan tí irin ti ba ojú náà jẹ́, ó sì fi í sí ojú ọkùnrin náà ní ìlú Olomouc tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí. Ọ̀kan bàjẹ́. Èkejì mọ́, ọkùnrin náà sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀bẹ tí Zirm lò ni èyí tí Arthur von Hippel ti ṣe ní Jámánì ṣáájú rẹ̀, trephine tí sípíríǹgì ń yí fúnra rẹ̀ bí a bá ti wáìn ín, kí agbára ọwọ́ dókítà má baà tẹ ojú jù. Kò sí òwú tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ tó láti rán awọ náà ní tààràtà nígbà yẹn, nítorí náà òwú ni Zirm fi kọ ojú náà ní àgbélébùú láti òkè, kí ó lè tẹ awọ náà mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1930 sí 1940, dókítà ojú kan, Ramon Castroviejo, ń gé tirẹ̀ ní onígun mẹ́rin pẹ̀lú ọ̀bẹ ẹlẹ́nu méjì; gígé roboto ni ó padà borí, ṣùgbọ́n ẹ̀mú abẹ́rẹ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú páànù irinṣẹ́ ilé ìwòsàn títí di òní. Ẹ̀rọ maikirosikóòpù àti òwú náílọ́ọ̀nù ni ó wá yí ọwọ́ iṣẹ́ náà padà pátápátá. Lójú tèmi, wọ́n ṣe ju gbogbo ọ̀bẹ tuntun lọ.

Ní ti ẹlẹgbẹ́ yín, kí ó mọ̀ pé ojú tí láìmù tàbí sìmẹ́ǹtì sun wà lára àwọn tí ó ṣòro jù láti pààrọ̀ awọ fún, nítorí pé iná náà máa ń pa sẹ́ẹ̀lì etí kọ́níà tí ń sọ ojú dọ̀tun, iṣan ẹ̀jẹ̀ á sì wọ inú ibi tí kò yẹ kí ẹ̀jẹ̀ wà, ara á wá tètè kọ awọ àlejò. Ó lè jẹ́ pé ìtọ́jú etí náà ni wọn yóò kọ́kọ́ ṣe. Fún ẹ̀yin tí ó ṣì wà lórí iṣẹ́, bí ó bá fọ́n sí ẹnikẹ́ni lójú, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ la ojú náà, kí ẹ máa da omi tútù sí i fún ó kéré tán ìdajì wákàtí, kí ẹ yọ èérún sìmẹ́ǹtì tí ó bá há sábẹ́ ìpéǹpéjú, kí ẹ tó wá ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́-abẹ, ni mí. A ń fọ irinṣẹ́ ojú, a sì ń sè é nínú autoclave, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi gbígbóná pa kòkòrò, síbẹ̀ ẹnu ẹ̀mú ń tẹ̀, ìpẹtà sì ń yọ lára àwọn kan. Ní ẹ̀ẹ̀kan, ojú aláìsàn méjì wú ní ọjọ́ kejì, wọn kò sì rí kòkòrò kankan. Kí ni a ń ṣe tí kò dára? (Arábìnrin kan, Rẹ́mọ)

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ tí ojú ò rí. Mo fẹ́ràn ìbéèrè yìí, nítorí pé orí àwọn ẹ̀yin tí ẹ ń fọ irinṣẹ́ ni ìparí iṣẹ́ dókítà wà.

Ojú tí ó wú láàárín wákàtí 12 sí 48 lẹ́yìn iṣẹ́-abẹ, tí gbogbo kọ́níà ṣú láti etí dé etí, tí kò sì dun aláìsàn púpọ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé nǹkan olóró wọ inú rẹ̀ láti ara irinṣẹ́. Àwọn oníṣègùn ń pè é ní TASS. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ọ̀sì tí ó gbọdọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kì í ṣe kòkòrò. Kí ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ohun tí ó sábà máa ń fà á ni ọṣẹ tí kò ṣàn tán, pàápàá ọṣẹ olómi tí ó ní enzyme, tàbí oògùn kíki tí ó gbẹ sínú abẹ́rẹ́ oníhò tí wọ́n fi fà á sínú ojú. Autoclave ń pa kòkòrò, kò lè yọ ọṣẹ. Nítorí náà, kí irinṣẹ́ má gbẹ kí ó tó kan omi. Ẹ nù ún lórí tábìlì iṣẹ́-abẹ gan-an bí wọ́n bá ti lò ó tán. Ẹ fi sírínjì ti omi gba inú gbogbo abẹ́rẹ́ oníhò kọjá lọ́pọ̀ ìgbà, kí ẹ sì fi afẹ́fẹ́ lé omi náà jáde. Omi dísítíìlì ni kí ẹ fi ṣan án kẹ́yìn, nítorí iyọ̀ àti irin tí ó wà nínú omi kànga ń dúró lára rẹ̀. Omi iyọ̀ ilé ìwòsàn kò sì dára fún rírẹ ẹ, òun gan-an ló ń mú ìpẹtà wá.

Ẹnu ẹ̀mú tí ń tẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bi irin. Mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé inú páànù kan náà ni ẹ ti ń kó wọn lé ara wọn. Ẹnu ẹ̀mú kọ́níà kan ní eyín tí ó jẹ́ mìlímítà 0.12, bí sísọ́ọ̀sì bá jábọ́ lé e lẹ́ẹ̀kan, ó ti tán. Ẹ wá páànù tí ó ní ìtẹ́ rọ́bà oníka tí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè jókòó sí lọ́tọ̀, kí ẹ fi ọ̀pá rọ́bà kékeré bo ẹnu wọn, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n kan ara wọn nínú ẹ̀rọ ìfọǹkan. Lẹ́yìn fífọ̀, ẹ gbé wọn sábẹ́ maikirosikóòpù tíátà fúnra rẹ̀ kí ẹ wo bóyá eyín méjèèjì pàdé, nítorí ohun tí ẹ kò rí pẹ̀lú ojú lásán ni dókítà yóò rí nígbà tí ojú aláìsàn ti ṣí. Irinṣẹ́ titanium fúyẹ́, kì í sì dípẹtà, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ó dára jù fún ohun gbogbo: irin lásán ni ó máa ń mú jù fún ohun tí ń gé.

Autoclave ní 121°C fẹ́ ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, ní 134°C ó fẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta ó kéré tán, bí ìwé ẹ̀rọ yín bá sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé náà ni kí ẹ tẹ̀lé. Trephine tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ẹ̀ẹ̀kan ni kí a lò ó, ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Mo mọ bí ó ṣe wọ́n tó, mo sì mọ pé àwọn kan ń sè é padà. Etí rẹ̀ á ti kú ní ìgbà kejì, yóò máa ya awọ dípò kí ó gé e, ìgbà tí awọ bá sì ya, kò sí òwú tí yóò tún roboto rẹ̀ ṣe. Ẹ tún rántí pé ní ọdún 1974 wọ́n kọ ìròyìn aláìsàn kan tí ó kó àrùn ọpọlọ Creutzfeldt-Jakob láti ara kọ́níà tí wọ́n fi sí i lójú. Ohun tí ń fa àrùn yẹn kì í kú nínú autoclave lásán.

Ìbéèrè: Wọ́n ti yọ kátárátì, ìyẹn lẹ́ńsì inú ojú tí ó ti ṣú, lójú ìyàwó mi ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ní báyìí ojú náà ń ṣú, ó sì burú jù ní òwúrọ̀. Dókítà ní awọ inú nìkan ni wọn yóò pààrọ̀, láìsí òwú. Ṣé lésà ni? Ìbéèrè kejì: bí èmi bá fẹ́ fi ojú mi sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn lẹ́yìn ikú, ṣé wọn kò ní ba ojú mi jẹ́ kí wọ́n tó tẹ́ mi? (Bàbá kan, Ìpẹru)

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbéèrè kejì, nítorí ó yá. Kọ́níà àti etí awọ funfun díẹ̀ ni wọ́n ń gé, pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì kékeré àti ẹ̀mú, láàárín wákàtí mélòó kan lẹ́yìn ikú, wọ́n á sì fi ike roboto kan sábẹ́ ìpéǹpéjú kí ó má baà jìn. Ẹni tí ó bá wo òkú náà kò ní mọ̀. Iṣẹ́ náà kì í gbà tó wákàtí kan, nítorí náà kò dí àwọn Mùsùlùmí wa lọ́wọ́ tí ó ń sin òkú lọ́jọ́ náà. Wọ́n á tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò fún àrùn HIV àti àrùn ẹ̀dọ̀, wọ́n á sì tọ́jú awọ náà sínú oògùn olómi tútù tí ó lè pa á mọ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 gbà pé kí ènìyàn kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀, tàbí sínú ìwé tí ó fọwọ́ sí níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ, nítorí àwọn ni yóò wà nílé lọ́jọ́ náà.

Ní ti ìyá wa, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn kọ́níà tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ni ó ti dín kù jù. Kò sí ìdí tí wọn yóò fi gé iwájú tí kò bàjẹ́. Gerrit Melles ní ìlú Rotterdam, ní Netherlands, ni ó fi ọ̀nà yìí hàn, ó sì ṣe irú rẹ̀ tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, tí wọ́n ń pè ní DMEK, ní ọdún 2006. Irinṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Láti ojú ihò tí kò tó mìlímítà mẹ́ta, wọ́n á fi ìkọ́ kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè họ awọ inú tí ó ti kú kúrò. Awọ tuntun kò nípọn ju ìdá 10 sí 15 nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà lọ, ó mọ́ débi pé wọ́n gbọ́dọ̀ fi aró búlúù kùn ún kí wọ́n tó lè rí i, ó sì máa ń ká ara rẹ̀ jọ. Wọ́n á fi ọ̀pá dígí tẹ́ẹ́rẹ́ tì í wọlé, wọ́n á máa rọra fi irin kan ìta ojú títí yóò fi tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí pé ó rọrùn láti fi í dojú bolẹ̀, àwọn kan ti máa ń tẹ lẹ́tà S sí i lára tẹ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó ń tì í mọ́ òkè dípò òwú, bí wọ́n tilẹ̀ lè fi òwú kan dí ojú ihò náà.

Kì í ṣe lésà, Bàbá. Lésà wà tí ó lè gé kọ́níà, ó sì ń gé e dọ́gba, ṣùgbọ́n ó wọ́n, kò sì mú òwú kúrò nínú irú iṣẹ́-abẹ ti ọmọ Ìyá Ìjẹ̀bú-Òde. Trephine tuntun lọ́wọ́ ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n lò tó mi. Ohun tí ẹ ní láti múra sílẹ̀ fún ni pé lẹ́yìn iṣẹ́-abẹ náà, ìyá wa gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ kí ó sì kọjú sókè fún iye àkókò tí dókítà bá sọ, kí afẹ́fẹ́ náà lè gbé awọ tuntun mọ́ ibi tí ó yẹ. Bí ọmọ yín tí ó wà lókè òkun bá sì fẹ́ kí ó wá sọ́dọ̀ òun, kí ó má wọ bàálù títí dókítà yóò fi wò ó pé afẹ́fẹ́ náà ti tán nínú ojú, nítorí pé ó máa ń fẹ̀ sí i ní òkè, ó sì lè fún ojú pa.